Ojú Kọ̀ǹpútà Ṣú Lójijì: Ẹ Má Tíì Ra Graphics Card Tuntun



Ẹni tó bá ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà á mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí. Géèmù ti dé ibi tó gbóná, ni ojú kọ̀ǹpútà bá ṣú biribiri. Nígbà míì, ohùn géèmù á ṣì máa jáde bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà míì, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi ti ọkọ̀ òfúrufú. Ìgbà míì sì wà tí gbogbo ẹ̀ máa kú pátápátá, tí kọ̀ǹpútà á tún tan ara ẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé, "Graphics card ti lọ nìyẹn." Kò burú kéèyàn rò bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń ya àwòrán, àwòrán ló sì pòórá. Ṣùgbọ́n òun náà ló sábà máa ń wọ́n jù nínú kọ̀ǹpútà géèmù. Ẹni tó bá sáré lọ ra òmíràn lè ná £500, kó gbé e délé, kó fi sí i, kí ojú kọ̀ǹpútà sì tún ṣú lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ èdè, iná inú òwe yìí kì í ṣe iná mànàmáná o. Kòkòrò kékeré tó ń gbé inú aṣọ, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ni. Bí ohun tó ń fa wàhálà bá ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, owó ò ní yé jáde lápò.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká mú lọ lónìí: bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe ṣú ló máa sọ ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, àyẹ̀wò tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ló sì yẹ kó ṣáájú.

Àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú, ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tá a máa dárúkọ. Monitor ni ojú tá à ń wò. Graphics card ló ń ya àwòrán tó ń lọ síbẹ̀. Wáyà ló so àwọn méjèèjì pọ̀, yálà HDMI tàbí DisplayPort. Driver ni ètò tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Windows àti graphics card. Power supply ni àpótí onírin tó ń gba iná láti ara ògiri, tó ń sọ ọ́ di irú èyí tí kọ̀ǹpútà lè lò. Processor ló ń ṣe ìṣirò, RAM sì ni ibi tó ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Ẹ rí i pé wọ́n pọ̀. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè mú kí ojú ṣú.

Ṣíṣú ju oríṣi kan lọ

Oríṣi kìíní: ojú ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ó padà, géèmù sì ń lọ láìdúró. Kọ̀ǹpútà ò kú rárá. Ẹ kọ́kọ́ fura sí wáyà àti monitor.

Oríṣi kejì: ojú ṣú, kò padà, àmọ́ kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ tẹ Caps Lock lórí keyboard. Tí iná kékeré tó wà níbẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú, Windows ṣì wà láàyè. Ẹ wá tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pa pọ̀. Èyí máa ń ní kí Windows tún driver bẹ̀rẹ̀. Tí àwòrán bá padà, ọ̀dọ̀ driver tàbí graphics card ni ká wò.

Oríṣi kẹta: ojú ṣú, fáànù graphics card gbé ariwo sókè, Caps Lock ò sì dáhùn mọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé card ti já kúrò lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí iná tí kò tó o tàbí nítorí àìsàn ara ẹ̀.

Oríṣi kẹrin: gbogbo ẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà bíi ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo power supply, lẹ́yìn náà ẹ wo ooru processor.

Oríṣi karùn-ún: géèmù nìkan ló kú, ó sì dá yín padà sójú Windows pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàyé kan. Èyí lè jẹ́ ti géèmù fúnra ẹ̀, ti driver, ti RAM tàbí ti processor. Ẹ má tètè gba ohun tí àlàyé yẹn bá sọ o. A máa padà sórí ìyẹn.

Windows ń kọ ìwé ìrántí

Kó tó di pé ẹ tú nǹkan kan, ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ sílẹ̀. Ẹ tẹ "reliability" sínú àpótí ìwádìí Windows, kí ẹ sì ṣí ohun tó bá gbé wá. Ẹ máa rí kàlẹ́ńdà kan tó ní àmì pupa ní ọjọ́ tí nǹkan bá dà rú. Event Viewer ló máa sọ ìyókù.

Tí ẹ bá rí "Kernel-Power 41" níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó túmọ̀ sí ò ju pé kọ̀ǹpútà tún tan láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Kò sọ ẹni tó pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tìtorí nọ́ńbà yìí nìkan ra power supply tuntun tí kò yẹ kí wọ́n rà.

"Display 4101" ní ìtumọ̀ tó ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ayé Windows Vista, Windows máa ń ṣọ́ graphics card. Tó bá gbé iṣẹ́ fún un, tí kò rí èsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, á gbà pé ó ti há, á sì tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pe ètò yìí ní TDR. 4101 ń sọ fún yín pé driver há, ó sì ti jí padà. Tí kò bá jí, ẹ lè rí ojú búlúù tó ní kóòdù 0x116. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ yí ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn sí 10 nínú registry. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn fi òwú dí etí nítorí pé ọmọ ń sunkún.

Tí "WHEA-Logger" bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń ké: processor, RAM, tàbí ojú ibi tí graphics card ti wọ inú motherboard.

Wáyà kékeré, iṣẹ́ ńlá

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Monitor tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ 2560 × 1440, tó ń pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ń béèrè fún bit tó lé ní bílíọ̀nù 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Tí a bá dín in kù sí ìgbà 60, ó di nǹkan bíi bílíọ̀nù 5. Ẹ wá rí i pé wáyà tó gbé 60 láìṣe wàhálà lè má lè gbé 144.

Àyẹ̀wò ẹ̀ ò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ lọ sínú Settings, System, Display, Advanced display, kí ẹ sì mú 60 Hz. Ẹ gbá géèmù fún wákàtí kan tàbí méjì. Tí ojú ò bá ṣú mọ́, ẹ yá wáyà míì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kí ẹ tó ra nǹkan kan. Wáyà tó kúrú tó sì ní ìwé ẹ̀rí VESA tàbí HDMI sàn ju gígùn aláìlórúkọ lọ. Ohun míì tún wà: ẹsẹ̀ nọ́ńbà 20 nínú wáyà DisplayPort wà fún iná, kò sì yẹ kí wáyà so ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú kan so ó, iná á wá máa gba ibẹ̀ kọjá láti ara monitor wọ inú graphics card.

Ẹ ó rò pé mò ń ṣàwàdà, àmọ́ àga pàápàá lè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ DisplayLink ti kọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àga ọ́fíìsì tó ń fi gáàsì gòkè sọ̀ kalẹ̀ lè tú iná kékeré sínú afẹ́fẹ́ nígbà téèyàn bá dìde tàbí tó bá jókòó, kí wáyà monitor sì gbé e. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá dìde lọ bu omi ni ojú kọ̀ǹpútà máa ń ṣú, ẹ yí wáyà padà, ẹ fi graphics card sílẹ̀.

Driver àti ooru

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tẹ́ ẹ gba driver tuntun ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Display Driver Uninstaller. Nínú Safe Mode ni wọ́n ti ń lò ó, ó sì máa ń gbá ti àtijọ́ mọ́ tónítóní. Driver tuntun kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìwòsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí àwọn card RTX 50 ti Nvidia ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, Nvidia sì ní láti gbé àtúnṣe driver jáde léraléra. Ẹni tó dá card padà nígbà yẹn lè ti dá ohun tí kò lábùkù padà.

Ooru ńkọ́? Ẹ lo HWiNFO64, òun náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ní kó máa kọ gbogbo ohun tó bá rí sínú fáìlì, kí ẹ sì gbá géèmù títí ojú á fi ṣú. Ìlà tó kẹ́yìn nínú fáìlì yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá dẹ́rù bà yín: processor Ryzen 7000 lè ṣiṣẹ́ dé 95°C nítorí bẹ́ẹ̀ ni AMD ṣe é. Kó tó di pé ooru pa kọ̀ǹpútà, ó máa ń kọ́kọ́ mú kó rọra ṣiṣẹ́, géèmù á sì máa fà. Tí géèmù bá ń lọ geere, tí ojú kàn ṣú lójijì, ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ ooru.

Iná tó wá láti inú power supply

Ibi tí motherboard ti gba graphics card lè fún un ní iná tó tó watt 75. Ẹnu wáyà oníhò mẹ́jọ kọ̀ọ̀kan lè fi 150 kún un. Àmọ́ card òde òní kì í jẹun déédéé. Ó lè gba watt 200 lọ́pọ̀ ìgbà, kó wá fò sókè gan-an fún àkókò tó kéré ju ìṣẹ́jú àáyá lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ATX 3.0 tó jáde ní 2022 fi ní kí power supply lè gba ìlọ́po méjì agbára ẹ̀ fún microsecond 100. Ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn dá ara wọn dúró.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Manchester, tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ Sátidé nílé ìtajà láti fi ra kọ̀ǹpútà géèmù. Ọjọ́ kọkàndínlógún tó ra card ẹ̀ ló pè mí.

"Àǹkú, ẹ jọ̀ọ́, card yìí ti kú o. Mo ti rí òmíràn tí wọ́n ń tà ní £480."

"Fara balẹ̀ ná. Ìgbà wo ló máa ń ṣú?"

"Tí mo bá ń gbá àwọn géèmù ńlá ni, sir. Àwọn kékeré kì í ṣe nǹkan kan. Ó kàn máa ṣú, fáànù á wá máa pariwo."

"Ooru ńkọ́?"

"Kò ju 71 lọ. Ó wà nínú fáìlì tẹ́ ẹ ní kí n ṣe."

Oríṣi kẹta nìyẹn, ooru ò sì sí níbẹ̀. Mo ní kó fi MSI Afterburner dín agbára card kù sí ìdá 70 nínú 100. Ó gbá géèmù fún wákàtí méjì, ojú ò ṣú. Ó dá a padà sí 100, kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi ṣú. Ìyẹn nìkan ò tó láti dá power supply lẹ́bi, torí card tí ara ẹ̀ ò le náà lè gbádùn tá a bá dín iṣẹ́ ẹ̀ kù. Mo wá ní kó pa kọ̀ǹpútà, kó yọ ọ́ lára ògiri, kó ṣí i, kó sì ya fọ́tò ẹ̀yìn card fún mi.

Card yẹn ní ihò méjì fún iná. Wáyà kan ṣoṣo ló ti inú power supply wá, tó wá lanu méjì bíi ahọ́n ejò, òun ni wọ́n fi sínú ihò méjèèjì. Wáyà kejì wà nínú páálí power supply, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. A ò fọwọ́ kan nǹkan míì: wáyà kan fún ihò kọ̀ọ̀kan, agbára padà sí 100. Ojú ò ṣú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oṣù mẹ́ta rèé, kò tíì ṣú. Bó bá dá card padà ni, ìkejì náà á bá wáyà yẹn níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì rèé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi wáyà power supply kan sínú òmíràn, kódà kí ẹnu wọn bára mu; bí wọ́n ṣe to iná sínú wọn lè yàtọ̀, ó sì lè jó gbogbo nǹkan. Ẹ má sì ṣí àpótí power supply fúnra ẹ̀ láé. Iná tó lè pani lè ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Ní ti àwọn card tó ń lo ẹnu tuntun tó ń gbé watt 600, ẹ tì í wọlé títí dé ìparí. Ní 2022, ẹnu wáyà yìí yọ́ lára àwọn RTX 4090 kan, Nvidia sì sọ pé pé wọn ò tì í wọlé tán wà lára ohun tó fà á.

Nígbà tí ibi tó ń dunni kì í ṣe ibi tí àrùn wà

Mo ní a máa padà sórí ọ̀rọ̀ àlàyé tí géèmù ń gbé jáde. Láàárín ọdún 2023 sí 2024, àwọn èèyàn tó ń lo processor Intel ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá bẹ̀rẹ̀ sí í rí géèmù tó ń kú. Àlàyé tí wọ́n ń rí sọ pé àyè inú graphics card ti tán. Card wọn sì ní àyè rẹpẹtẹ! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé processor ń ṣi ìṣirò ṣe nígbà tó bá ń tú dátà géèmù, àṣìṣe yẹn á wá jáde lójú bíi àìsàn graphics card. Ní 2024, Intel gbà pé iná tó ga jù ló ń ba àwọn processor náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìdánilójú wọn. Ẹni tó ní irú ẹ̀, ẹ rí i pé BIOS yín ti gba àtúnṣe. Àmọ́ àtúnṣe ò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn.

RAM náà máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ wọ inú BIOS, ẹ pa XMP tàbí EXPO, kí RAM padà sí ìwọ̀n tí wọ́n dá a mọ́. Tí wàhálà bá lọ, ẹ ti rí i. Tí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kí MemTest86 ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àṣìṣe ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kí ọjọ́ má lọ mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, òfin tó ń jẹ́ Consumer Rights Act 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà kí ẹ sì gba owó yín pé. Lẹ́yìn ìyẹn, títí di oṣù mẹ́fà, ẹni tó ta á ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ló sì máa fi hàn pé àbùkù náà ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ rà á. Ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ lọ. Níbòmíràn, ẹ wo ìwé ìdánilójú tó bá ọjà wá, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Nítorí náà, ẹ tètè ṣe àyẹ̀wò. Card míì bàjẹ́ lóòótọ́: tó bá ń ṣú nínú kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín náà, pẹ̀lú wáyà míì, power supply míì, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ẹ mú ẹ̀rí yẹn dání, kí ẹ sì lọ gba owó yín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, géèmù tẹ́ ẹ ń gbá, oríṣi tí ojú ṣú, àti ohun kan tẹ́ ẹ yí padà. Ohun kan ni mo wí o, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹni tó yí wáyà, driver àti RAM padà lọ́jọ́ kan náà ò ní mọ èyí tó wò ó sàn, bó bá sì tún ṣú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń lé eku méjì, òfo ló máa mú.

Tí ẹ bá ṣe é, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ní Yorùbá tí ẹ bá gbọ́, kó dẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ oríṣi tí tiyín jẹ́ àti ohun tẹ́ ẹ bá nídìí ẹ̀. Ó dìgbà kan ná.